Láyí Kì Í Bojú Wẹ̀yìn

Ní Ìjọ Òkè Ìtùnú tó wà ní Àjàgbà, ẹni tó bá gbé àgbélébùú kì í bojú wẹ̀yìn. Láti ẹnu géètì títí dé iwájú pẹpẹ, ọ̀nà kan ṣoṣo ló ní. Bí èèyàn bá ṣubú lẹ́yìn rẹ̀, kò kàn án. Bí ọmọ rẹ̀ bá ń ké, ẹlòmíràn ni yóò gbé e. Kò sẹ́ni tó lè sọ fún ọ pé ẹni báyìí ló ṣe òfin náà, kò sì sẹ́ni tó bìkítà láti béèrè. Láyí ló ń gbé àgbélébùú ìjọ, òfin náà sì ti wọ̀ ọ́ lára.

Ọdún kan ló ti gba orúkọ nídìí rẹ̀. Ọjọ́ ìkórè ni, ìjọ ń tò bọ̀ láti odò pẹ̀lú sùtánà funfun àti ẹsẹ̀ lásán, ni òjò ńlá bá já lulẹ̀ láìkìlọ̀. Àwọn akọrin sá. Àwọn ìyá ìjọ ká sùtánà sókè, wọ́n sá. Wòlíì fúnra rẹ̀, pẹ̀lú bó ti sanra tó, sá wọ abẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé elépo kan. Láyí kò mọ̀. Ó ń kọrin, ó ń lọ, omi ń ṣàn wọ̀ ọ́ lẹ́nu, ó sì dé iwájú pẹpẹ lóun nìkan, ó kúnlẹ̀, ó ń retí àdúrà ìparí. Ibẹ̀ ni wọ́n bá a nígbà tí òjò dá. Wòlíì sunkún lọ́jọ́ náà, ó ní bí òun bá rí bíi mélòó kan irú Láyí, Sátánì á kó ẹrù rẹ̀ kúrò ní gbogbo ilẹ̀ Ìkálẹ̀. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń pè é ní Má-bojú-wẹ̀yìn, òun náà sì fẹ́ràn orúkọ yẹn ju bó ṣe yẹ lọ.

Philemon wà lára àwọn tó sá fún òjò. Ó rí ohun tó rí, ó sì fi í pamọ́ de ọjọ́ tí yóò wúlò fún un.

Ọ̀rẹ́ ni òun àti Láyí láti kékeré. Philemon kàwé, ó ṣe olùkọ́, ó fẹ̀yìn tì, ó wá rí i pé ilé kò ṣeé jókòó sí, ó bá kó sínú ìṣèlú. Láyí kò kúrò nídìí ẹ̀gẹ́ àti ọ̀pẹ. Nígbà tí Láyí já bọ́ lórí ọ̀pẹ ní oko rẹ̀ lọ́nà Ode-Irele, tí egungun ìbàdí rẹ̀ yẹ̀, Philemon ló pọ̀n ọ́n jáde nínú igbó dé títì, òun ló gbé e sórí ọ̀kadà tó sì dì í mú títí dé ọsibítù l'Ókìtìpupa. A kì í parọ́ mọ́ èèyàn, ó ṣe é. Ẹ̀jẹ̀ Láyí gbẹ mọ́ ọn láṣọ lọ́jọ́ náà, kò sì rojọ́.

Ṣùgbọ́n nígbà tí ọsibítù ní kó máa lọ sílé, Morádéyọ̀ ló gbà á. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni, ọmọ ìyá kan náà. Ìyá wọn kú nígbà tí Láyí ṣì ń rá, Morádéyọ̀ tí òun alára kò tíì ju ọmọdébìnrin lọ ló sì tọ́ ọ dàgbà. Nígbà tí ìbàdí rẹ̀ bàjẹ́, ó tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà látìbẹ̀rẹ̀: ó ń fi omi gbígbóná jó o, ó ń ro púpurú, òkèlè ẹ̀gẹ́ ilẹ̀ wọn, fún un pẹ̀lú ọbẹ̀ márúgbó, ó ń mú un lọ́wọ́ rìn yí ilé ká títí ó fi lè dá rìn. Nítorí náà, bí Láyí bá fẹ́ moore, ẹni méjì ló wà nílẹ̀. Kò sì wá sí i lọ́kàn rí pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí oore ọ̀kan á dojú ìjà kọ oore èkejì.

Ọjọ́ náà dé nígbà tí Philemon ní òun fẹ́ lọ sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀. Ní àgbègbè wọn, ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ló ń wọlé. Ẹni tó bá ti wọlé nínú ìdìbò abẹ́lé ẹgbẹ́ yẹn, ó kù kó lọ rán agbádá. Ìdìbò abẹ́lé yìí kò sì ní ìwé, kò ní àpótí. Gbangba ni wọ́n ti ń ṣe é. Ẹnì kan á gbé àwòrán olùdíje sókè, àwọn tó fẹ́ ẹ á tò sẹ́yìn àwòrán náà, òṣìṣẹ́ ẹgbẹ́ á wá ka orí wọn. Ẹni tó bá wà lẹ́yìn ta ni, gbogbo ìlú ló máa rí i, ìyàwó ilé á rí i, aláṣọ tó ń gbà láwìn lọ́wọ́ rẹ̀ á rí i.

Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú kan, Philemon fa Láyí sẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹpẹ. "Láyí, ìwọ ni kó o gbé àwòrán mi. Bó bá jẹ́ ìwọ ló dúró níwájú, àwọn èèyàn á mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti eré."

Láyí kò tilẹ̀ jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀. Ó fọwọ́ kan àgbélébùú tó fi ti ògiri, ó ní, "Mo gbà. Àyàfi bí mo bá kú."

Kò pẹ́ sígbà náà ni Jùwọ́nlọ́lá, ọmọ Morádéyọ̀, wọ ìlú láti Àbújá pẹ̀lú ọkọ̀ méjì àti àwọn ọ̀dọ́ tó wọ fìlà kan náà, ó ní òun náà fẹ́ lọ sílé ìgbìmọ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Morádéyọ̀ wá bá Láyí ní ẹ̀yìnkùlé, níbi tí òun àti Rose, ìyàwó rẹ̀, ti ń bó ẹ̀gẹ́. Rose gbé àga fún un, kò jókòó. Ó wá ọ̀bẹ kan, ó lóṣòó tì wọ́n, ó ń bá wọn bó o bó ti máa ń ṣe.

"Láyí, ṣé lóòótọ́ ni pé ìwọ ló máa gbé àwòrán Philemon?"

"Lóòótọ́ ni, ẹ̀gbọ́n mi. Mo ti ṣèlérí kí Jùwọ́n tó dé."

"Mo mọ̀. Nǹkan tí mo bá wá kò le. Mi ò ní kó o tò sẹ́yìn ọmọ mi. Mi ò ní kó o bá Philemon jà. Ṣáà jókòó sí ulé rẹ lọ́jọ́ náà. Sọ pé ìbàdí ń dùn ọ́. Ta ni ò mọ̀ pé ìbàdí rẹ ń dùn ọ́ ní ulú yìí?"

Rose ní, "Bàbá Jésùtómi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ o."

Láyí ń wo ẹ̀gẹ́ ọwọ́ rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, mo fọwọ́ kan àgbélébùú."

Morádéyọ̀ fi ọ̀bẹ sílẹ̀. "O fọwọ́ kan igi. Nígbà tí ìye wa kú, ta ló fọwọ́ kan ọ́? Èmi kọ́? Wàá wá dúró lójú gbogbo Àjàgbà, wàá gbé ojú ẹlòmíràn sókè níwájú ọmọ tí mo bí. Wọ́n á ní ẹ wo ulé wọn, ọmọ ulé ò fẹ́ ọmọ ulé."

"Wọ́n á gbàgbé, ẹ̀gbọ́n mi. Ìṣèlú lásán ni."

"Èmi ò ní gbàgbé." Ó dìde, ó gbọn èèpo ẹ̀gẹ́ kúrò lára ìró rẹ̀. "Bó o bá gbé àwòrán yẹn sókè, Láyí, má wá sí ulé mi mọ́."

Ọ̀rọ̀ náà dun Láyí, kò sì sun oorun dáadáa, ṣùgbọ́n ó tún ń rò ó pé ìbínú ìyá ọmọ ni, pé yóò rọ̀. Morádéyọ̀ ti sọ irú rẹ̀ rí nígbà tí Láyí fẹ́ Rose láìbéèrè lọ́wọ́ rẹ̀, òun náà ló sì kọ́kọ́ gbé ọmọ wọn jó. Nígbà tó sọ fún Philemon, Philemon gbá a léjìká. "Jẹ́ kí wọ́n máa sọ. Bí gbogbo ayé bá fi mí sílẹ̀, ìwọ ni mo gbójú lé. Ṣebí ìwọ kì í bojú wẹ̀yìn." Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ kékeré ṣe ń tan àgbàlagbà jẹ. Inú Láyí dùn títí ó fi délé.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ ìdìbò, Rose ní òun kò lọ. Ó ní òun kò lè tò lòdì sí Ìyá Jùwọ́n, òun kò sì lè tò lòdì sí ọkọ òun, òun á kúkú dúró ti ẹ̀gẹ́ òun. Láyí gbé fóònù rẹ̀ fún un kó bá òun mú un, nítorí ọwọ́ méjèèjì ni àwòrán náà gbà. Pátákó ńlá ni. Philemon ń rẹ́rìn-ín nínú rẹ̀ pẹ̀lú eyín tó funfun ju ti ojú ayé lọ.

Orí pápá ilé ẹ̀kọ́ ni wọ́n pé sí. Òṣìṣẹ́ ẹgbẹ́ tó ti Àkúrẹ́ wá jókòó sábẹ́ igi furúùtù pẹ̀lú tábìlì kan, àwọn ọlọ́pàá méjì ń jẹ ẹ̀pà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọ́n ní kí àwọn tó gbé àwòrán kọjú sí tábìlì, kí èèyàn máa tò sẹ́yìn wọn. Láyí dúró sí àyè tirẹ̀. Láìmọ̀, ó ti bọ́ sálúbàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ kó tó gbé àwòrán náà sókè, gẹ́gẹ́ bí ó ti ń ṣe bó bá fẹ́ gbé àgbélébùú. Koríko tutù lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.

Àwọn èèyàn tò sẹ́yìn rẹ̀, ìtò náà sì gùn. Kò nílò kó wò ó. Ẹni tó bá ti ń gbé àgbélébùú pẹ́, etí ló fi ń mọ iye èèyàn tó wà lẹ́yìn òun. Ó ń gbọ́ ikọ́ wọn, ó ń gbọ́ ẹ̀rín àwọn obìnrin, ó ń gbọ́ ọmọ ọwọ́ kan tó kọ̀ tí kò dákẹ́. Mildred, ọ̀kan lára àwọn akọrin ìjọ, ló wà lẹ́yìn rẹ̀ gan-an, tó ń sọ ìtàn ìyàwó àna rẹ̀ fún ẹni tó tẹ̀ lé e. Láyí mọ̀ pé ìtò òun gùn ju ti ọ̀hún lọ. Lórí ìtò ọ̀hún náà, ó mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n òun wà níwájú, lẹ́yìn àwòrán ọmọ rẹ̀. Apá ibẹ̀ ni kò jẹ́ kí ojú òun dé.

Àwọn ọmọkùnrin tó wọ fìlà kan náà kò jẹ́ kó sinmi. Gbogbo ìlú ló mọ orúkọ àdàpè rẹ̀, wọ́n sì fi ń ṣe yẹ̀yẹ́. "Bàbá Láyí! Ẹ bojú wẹ̀yìn o! Gbogbo wọn ti sá lọ!" Àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ á bú sẹ́rìn-ín, wọ́n á ní irọ́ ni, a wà ńbí digbí. Láyí á rẹ́rìn-ín músẹ́, á tún pátákó gbé. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é lọ, wọ́n ń pè é, kò wò.

Gbogbo ìgbà tí èyí ń lọ, Philemon kò sí ní Àjàgbà. Ode-Irele ló wà, nínú pálọ̀ alàgbà ẹgbẹ́ kan, níbi tí wọ́n ti fi òun àti Jùwọ́nlọ́lá jókòó dojú kọra wọn. Àwọn àgbà sọ pé ìjọba àpapọ̀ ń wo àwọn, àwọn kò fẹ́ ariwo, kí ọ̀kan fi àyè sílẹ̀ fún èkejì. Wọ́n wo ọkọ̀ Jùwọ́nlọ́lá, wọ́n wo bàtà Philemon, wọ́n sì mọ ẹni tó máa fi àyè sílẹ̀. Wọ́n ṣèlérí ipò kan fún un tí kò tíì sẹ́ni tó mọ orúkọ rẹ̀. Philemon ronú díẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn àgbà, ó dì mọ́ Jùwọ́nlọ́lá, wọ́n sì ya fọ́tò.

Lẹ́yìn fọ́tò ló pe Àjíṣafẹ́, ẹni tó ń ṣètò ìpolongo rẹ̀. Àjíṣafẹ́ wà ní ìdí ìtò pátápátá. Ojú tì í láti kígbe irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ó bá ń sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ láti ẹ̀yìn bọ̀ síwájú: ó ti parí o, Philemon ti fi í sílẹ̀ fún Jùwọ́n, ẹ jẹ́ ká máa lọ sọ́hùn-ún. Àwọn èèyàn kò bínú. Púpọ̀ nínú wọn ní ẹbí lórí ìtò kejì, ara tù wọ́n. Wọ́n ń já kúrò lẹ́yìn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń gba ẹ̀yìn kíláàsì lọ tò sẹ́yìn Jùwọ́nlọ́lá, títí ó fi kan Mildred.

Mildred fọwọ́ kan ẹ̀yìn Láyí. "Bàbá Láyí, ó ti parí o. Ẹ jẹ́ ká lọ."

Láyí rẹ́rìn-ín. "Mildred, ìwọ náà? Ṣé wọ́n ti rà ọ́ ni?"

Mildred rò pé ó ti gbọ́, pé ó ń ṣàwàdà, pé ó fẹ́ dúró kí Philemon fúnra rẹ̀ wá gba àwòrán náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó tún ìró rẹ̀ ró, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ẹ̀yìn Láyí wá pa rọ́rọ́. Ọmọ ọwọ́ yẹn ti dákẹ́. Kò sí ikọ́, kò sí ẹ̀rín. Kí a má parọ́, ó gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ náà. Ó lè wò, kò sẹ́ni tó di ọrùn rẹ̀ mú. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ onífìlà ti ń kígbe láti àárọ̀ pé kó wò, bó bá sì wò nísinsìnyí, àwọn ló borí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin ìjọ lábẹ́ ẹnu. Ìbàdí ń ro ó, ó tẹjú mọ́ igi furúùtù, ó sì gbà nínú ọkàn rẹ̀ pé wọ́n wà níbẹ̀.

Òṣìṣẹ́ Àkúrẹ́ ka ìtò Jùwọ́nlọ́lá, ó pẹ́ lórí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá dúró níwájú Láyí, ó wo àwòrán, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀.

"Bàbá, ta lẹ dúró fún?"

"Philemon ni. Ṣé ẹ ò rí àwòrán ni?"

"Mo rí àwòrán. Èèyàn ni mi ò rí."

Gbogbo pápá bú sẹ́rìn-ín. Nígbà náà ni Láyí bojú wẹ̀yìn. Koríko tí wọ́n ti tẹ̀ mọ́lẹ̀ ló rí, àti ọ̀rá píọ̀ wọ́tà, àti ewúrẹ́ kan tó ń jẹ nǹkan lẹ́nu ibi tí ìtò òun parí sí.

Àjíṣafẹ́ sáré wá, ó ń làágùn. "Philemon ti fi àyè sílẹ̀, Bàbá Láyí. Ẹ gbé e sílẹ̀, ẹ máa bọ̀."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Òun fúnra rẹ̀ ló pè mí."

"Kò pè mí."

Òṣìṣẹ́ náà kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Bàbá, mi ò tíì kọ nǹkan kan. Ẹ ṣì lè lọ tò sọ́hùn-ún."

Morádéyọ̀ sì ti jáde kúrò lórí ìtò. Ó dá dúró láàárín pápá, láàárín ìtò ọmọ rẹ̀ àti àbúrò rẹ̀, pẹ̀lú gèlè tó ti tẹ̀, ó sì na ọwọ́ kan síwájú, gan-an bó ṣe ń na ọwọ́ sí i nígbà tó ń kọ́ bó ṣe máa tún rìn. Kò pariwo. "Láyí, máa bọ̀. Wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi."

Ó gbọ́ ọ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín kò tíì tán lórí pápá, àwọn ọmọ onífìlà ti gbé fóònù sókè, wọ́n ń ká a sílẹ̀, ọ̀kan nínú wọn sì ń kígbe pé Má-bojú-wẹ̀yìn ti bojú wẹ̀yìn. Ìtìjú náà bò ó lójú. Bí ó bá lọ báyìí, ẹni tó yẹhùn ni. Ó tún pátákó gbé sókè dé ibi tí apá rẹ̀ dé.

"Ẹ kà mí," ló wí.

"Bàbá—"

"Mo ní kí ẹ kà mí!"

Òṣìṣẹ́ náà gbé èjìká sókè, ó kọ ọ́: ẹyọ kan. Morádéyọ̀ gbé ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó sì padà sórí ìtò.

Bí èsì náà ṣe jáde nìyí: Jùwọ́nlọ́lá kó gbogbo wọ́ọ̀dù àgbègbè náà pátá, Philemon kò ní nǹkan kan níbikíbi, àfi ẹyọ kan ní wọ́ọ̀dù ilé Jùwọ́nlọ́lá gan-an. Wọ́n kà á lórí rédíò bẹ́ẹ̀. Fídíò rẹ̀ sì ti wọ gbogbo wásáàpù kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná. Àwọn àgbà ẹgbẹ́ ń pe Jùwọ́nlọ́lá láti Àkúrẹ́, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń bi í pé ta ni ọ̀tá rẹ kan ṣoṣo yìí? Ó ní láti dá wọn lóhùn pé àbúrò ìyá òun ni.

Láyí padà sílé, ó béèrè fóònù rẹ̀ lọ́wọ́ Rose. Rose ní láti àárọ̀ kò dún. Ó wò ó fúnra rẹ̀, ó tún un wò. Kò sẹ́ni tó pè é.

Kò lè jẹun. Nígbà tí oòrùn rọlẹ̀, ó gba ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ láti lọ dọ̀bálẹ̀. Ó ti to ọ̀rọ̀ náà lọ́nà: òun máa sọ fún un nípa àgbélébùú, nípa ìdákẹ́jẹ́, nípa ẹ̀rín. Àmọ́ nígbà tó ṣí aṣọ ìlẹ̀kùn pálọ̀, Philemon ló rí. Lórí àga ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, àga tí Morádéyọ̀ fi síbẹ̀ fún ìbàdí Láyí, Philemon jókòó, ó ń jẹ púpurú pẹ̀lú ọbẹ̀ márúgbó. Ẹja inú ọbẹ̀ náà tóbi.

"Philemon," ni Láyí wí.

Philemon gbójú sókè, ó tún gbé e sílẹ̀. "Láyí. Mo pè ọ́ o. Kò wọlé. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì Ode-Irele yẹn, o mọ̀ ọ́n."

"Kò dún."

"Mo ní mo pè ọ́." Ó bu òkèlè mìíràn.

Jùwọ́nlọ́lá, tó ń dáhùn fóònù lẹ́gbẹ̀ẹ́ fírìjì, bo ẹnu fóònù, ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ má da ara yín láàmú, Bọ̀dá. Pọ́lítíìkì ni. Ó ti tán." Ó sì tán lóòótọ́, fún òun. Ó padà sídìí fóònù rẹ̀.

Láyí dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí símẹ́ǹtì, níwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ foríjì mí. Mi ò mọ̀ pé wọ́n ti lọ. Ẹ̀yin náà mọ̀ mí. Mi ò bojú wẹ̀yìn."

"O bojú wẹ̀yìn," ni Morádéyọ̀ wí. Kò bínú, ìyẹn ló burú níbẹ̀. "Mo rí ọ. O bojú wẹ̀yìn, o rí i pé kò sẹ́nì kan, mo sì pè ọ́. Láyí, mo jáde lójú gbogbo wọn, mo pè ọ́. Philemon tó ni àwòrán ti gbé e jù sílẹ̀. Ta lo wá ń gbé e sókè sí nígbà yẹn, bí kì í bá ṣe èmi?"

Láyí gbé orí sókè kúrò lórí símẹ́ǹtì. Ó wo Philemon. Philemon mọ̀ ọ́n. Bí ẹnì kan bá wà láyé tó lè sọ fún Morádéyọ̀ bí ọkàn ọkùnrin yìí ṣe rí, Philemon ni. Philemon ń yọ eegun ẹja.

"Dìde," ni Morádéyọ̀ wí. "Ilẹ̀ tutù fún ìbàdí rẹ. Máa lọ sílé."

Wọ́n mú ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e fún ìdúpẹ́ Jùwọ́nlọ́lá, ní Ìjọ Òkè Ìtùnú. Wòlíì ránṣẹ́ pé Láyí ni yóò gbé àgbélébùú, pé iṣẹ́ Ọlọ́run yàtọ̀ sí ti ìṣèlú. Rose ní kó má lọ. Ṣùgbọ́n Láyí ti rí ọ̀nà kan. Ní ọjọ́ ìdúpẹ́, ìyá ọlọ́pẹ́ ló máa ń rìn tẹ̀ lé àgbélébùú, iwájú àgbélébùú náà ló sì máa ń kúnlẹ̀ fún àdúrà. Bí wọ́n bá ti dé ibẹ̀, òun náà á kúnlẹ̀ tì í, á bẹ̀ ẹ́ níwájú pẹpẹ, lójú gbogbo ìjọ. Morádéyọ̀ kò jẹ́ kọ ẹ̀bẹ̀ níwájú pẹpẹ. Ó gbẹ́kẹ̀ lé èyí gan-an. Ó fọ sùtánà rẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ìlù dún, ìjọ kọrin, Láyí gbé àgbélébùú kúrò lẹ́nu géètì. Ìbàdí ń dùn ún, kò kà á sí. Ó ń tẹ́tí sí ohùn kan. Láti ìgbà tí ìjọ náà ti wà, Morádéyọ̀ ló ń lé orin nígbà tí wọ́n bá ń tò wọlé. Ohùn rẹ̀ ga, ó ní ìró tirẹ̀, kò fara jọ ti ẹnikẹ́ni. Ó gbọ́ ohùn Wòlíì. Ó gbọ́ ti Mildred. Ó gbọ́ Philemon lẹ́yìn rẹ̀ gan-an, tó ń pa orin dà bí wọ́n ti mọ̀ ọ́n sí. Ó rìn díẹ̀ sí i, ó tún tẹ́tí. Ohùn yẹn kò sí níbẹ̀.

Ní àárín ọgbà, pẹ̀lú àgbélébùú lọ́wọ́, Láyí dúró, ó sì bojú wẹ̀yìn.

Gbogbo wọn ló wà níbẹ̀. Philemon tó jẹ́ alága ìdúpẹ́, Jùwọ́nlọ́lá nínú aṣọ funfun tuntun, Wòlíì, àwọn akọrin, àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ní pápá àti àwọn tí kò sí níbẹ̀. Morádéyọ̀ nìkan ni kò tò. Ó dá dúró lẹ́nu géètì pẹ̀lú sùtánà rẹ̀ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ lásán, ó kọ ẹ̀yìn sí wọn díẹ̀, ó ń dúró kí ẹni tó gbé àgbélébùú wọlé tán kí òun tó wọlé. Ìdúpẹ́ ọmọ tó bí ni, kò sì fẹ́ tò sẹ́yìn àbúrò rẹ̀.

Orin dá. Wòlíì pariwo láti ẹ̀yìn, "Láyí! Iwájú! Iwájú ni ká máa lọ!"

Láyí na àgbélébùú náà sí Philemon. "Gbà."

Philemon wo ọ̀tún, ó wo òsì. Nígbà tó rí i pé gbogbo èèyàn ń wò ó, ó gbà á.

Láyí rìn padà sẹ́bàá ìtò náà, ó ń tiro. Wọ́n ń yàgò fún un. Nígbà tó dé ẹnu géètì, Morádéyọ̀ sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó lè kọjá.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ló wí.

"Ẹ kú ìsìn, bàbá," ni Morádéyọ̀ dá a lóhùn, bí a ṣe ń kí àlejò tó yà wá jọ́sìn nínú ìjọ ẹni.

Morádéyọ̀ gba ẹ̀gbẹ́ Láyí kọjá wọlé, ó sì lọ tò síwájú, níbi tí ìyá ọlọ́pẹ́ ń tò sí. Ní títì níwájú géètì, Láyí gbọ́ nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lé orin. Philemon bojú wẹ̀yìn láti rí i dájú pé ìyá ọlọ́pẹ́ ti wà lẹ́yìn òun, lẹ́yìn náà ló gbé ẹsẹ̀. Kò sẹ́ni tó bá a wí.